"Dín" àti "lé": bí a ṣe ń ṣe ìsọdipúpọ̀ lọ́kàn láìmú bírò

Ní ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn, mo dúró lẹ́yìn obìnrin kan tó fẹ́ ra ẹ̀wà. Kóńgò 19 ló ní kí wọ́n wọ̀n fún òun, ẹgbẹ̀sàn-án náírà sì ni kóńgò kan. Mo ti yọ fóònù síta, mo ń wá ibi tí kákúlétọ̀ sá pamọ́ sí. Ìyá ẹlẹ́wà ò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ká ní ogún ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlógójì ni ì bá jẹ́. Ẹ yọ ẹgbẹ̀sàn-án kúrò níbẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ó lé igba náírà ni owó yín, àǹtí." Nígbà tí mo fi máa tẹ̀ ẹ́ tán, 34,200 náà ni fóònù gbé jáde.

Ohun tí ìyá yìí ṣe ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níhìn-ín. Ó sáré lọ bá nọ́ńbà tó rọrùn, ó sọ ọ́ di púpọ̀, ó wá padà sẹ́yìn díẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń pe 19 ní "mọ́kàndínlógún" ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti kékeré: ó dé ogún ná, ó wá yọ ọ̀kan. Púpọ̀ nínú ọgbọ́n ìsọdipúpọ̀ tí wọ́n ń fi ṣe fídíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ ìyá ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "dín", ni wọ́n.

Níbi tí mo bá ti kọ ×, ẹ kà á sí "lọ́nà": 6 × 7 ni mẹ́fà lọ́nà méje.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀

Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu yín kí ọgbọ́n kankan tó lè ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni táìmù tébùlù láti 2 dé 9. Kò pọ̀ bó ṣe ń dẹ́rù bani. Nígbà tí 7 × 8 àti 8 × 7 ti jẹ́ ọ̀kan náà, ìsọdipúpọ̀ 36 péré ló wà láti 2 × 2 dé 9 × 9, ẹ sì ti mọ èyí tó pọ̀ nínú wọn. Àwọn tí mo rí tó máa ń mú àwọn èèyàn kọsẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ: 6 × 7, 6 × 8, 6 × 9, 7 × 8, 7 × 9 àti 8 × 9. Ẹ kọ wọ́n sí ibi tí ojú yín máa ń dé láràárọ̀, kí ẹ máa pè wọ́n títí wọ́n á fi máa jáde lẹ́nu bí orúkọ ọmọ yín.

Èkejì ni fífi òdo sí ẹ̀yìn nọ́ńbà: 43 × 10 jẹ́ 430, 43 × 100 jẹ́ 4,300. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ lè sọ ìlọ́po méjì nọ́ńbà kan àti ìdajì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìlọ́po méjì 37? 74. Ìdajì 370? 185. Bí ẹ bá ṣì ń lọ́ tìkọ̀ níbi èyí, ẹ dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Mo ti rí ẹni tó há ọgbọ́n mẹ́wàá sórí, tí 7 × 8 sì dá a dúró lójú ọ̀nà.

Táìmù tébùlù tó wà nínú orúkọ

Ogún ni Yorùbá fi ń ka nǹkan. Ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún mẹ́rin ni ọgọ́rin, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ dé ọgọ́rùn-ún, ọgọ́fà, ogóje, ọgọ́jọ, ọgọ́sàn-án. Ẹ pe "ogóje" síta kí ẹ fetí sí i: èje wà nínú rẹ̀. 20 × 7 nìyẹn, 140. Bákan náà ni igba: igba mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, igba mẹ́fà ni ẹgbẹ̀fà, tí í ṣe 1,200, igba mẹ́sàn-án ni ẹgbẹ̀sàn-án, owó ẹ̀wà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá dé 2,000, ẹgbàá dé: ẹgbàáta jẹ́ 6,000, ẹgbàárùn-ún jẹ́ 10,000. Ẹni tó bá mọ orúkọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ti mọ táìmù tébùlù 20, 200 àti 2,000 láìjókòó kọ́ ọ.

Láyé owó ẹyọ, 40 ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Okùn 50 jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, 20,000. Ẹni tó ń ná irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́jà kò lè máa ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan; orúkọ ló ń bá a gbé ìṣirò náà.

Ohun kejì tó wà nínú orúkọ ni "dín" fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀wá, a máa ń fi kún un títí dé mẹ́rìnlá. Tó bá ti di 15, a ti kọjú sí ogún: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún. Àádọ́ta jẹ́ ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta, àádọ́rin jẹ́ ẹ̀wá dín ní ọgọ́rin, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sì jẹ́ ọgọ́rùn-ún dín ní ẹgbẹ̀ta. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́ ìkàǹkà Yorùbá nílé ìwé a máa ráhùn pé ìyọkúrò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìṣirò lọ́kàn, àǹfààní ńlá ló bá nílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: dín àti lé

Ẹ wo nọ́ńbà méjèèjì. Èwo ló sún mọ́ nọ́ńbà tó parí sí òdo? Ẹ sún un débẹ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá yọ èyí tí ẹ fi lé e, tàbí kí ẹ fi èyí tí ẹ yọ kún un.

19 × 45. 19 fẹ́rẹ̀ẹ́ di 20. 20 × 45 jẹ́ 900. A ti ka 45 ní ẹ̀ẹ̀kan ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà 900 dín 45 jẹ́ 855.

28 × 15. 30 × 15 jẹ́ 450. Méjì la fi lé 28, nítorí náà 15 méjì la máa yọ, ìyẹn 30. Ìdáhùn jẹ́ 420.

Ibí yìí ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ wà. Èèyàn á sọ 28 di 30, á ṣe 450, á wá yọ 2 lásán, á sì gbé 448 jáde. Tí ọkàn yín bá ń ṣe iyèméjì, ẹ fi kóńgò rọ́pò nọ́ńbà. Kóńgò 28 ni ẹ rà, ẹ ti san owó 30. Owó kóńgò méjì ni wọ́n máa dá padà fún yín, kì í ṣe náírà méjì.

Ọgbọ́n yìí dára jù lọ níbi owó, torí àwọn ọlọ́jà fẹ́ràn iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. ₦1,950 lọ́nà 8: ₦2,000 lọ́nà 8 jẹ́ 16,000, ẹ yọ 50 mẹ́jọ, 400, ó ku 15,600. ₦4,990 lọ́nà 6: 30,000 dín 60, 29,940. Kíréètì ẹyin 18, tí ẹyin 30 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: kíréètì 20 á ní ẹyin 600, ẹ yọ kíréètì méjì, ó ku 540.

"Lé" náà kò ṣòro. 21 × 36 jẹ́ 720 pẹ̀lú 36, ìyẹn 756. 52 × 14 jẹ́ 50 × 14, tí í ṣe 700, pẹ̀lú 28: 728.

Tí nọ́ńbà méjèèjì bá parí sí 4, 5 tàbí 6, wọ́n ti jìnnà sí òdo, dín àti lé á wúwo lọ́wọ́ yín. Ẹ má fipá mú un. Ọgbọ́n mìíràn wà níwájú fún irú wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: owó ńlá ṣáájú

Nílé ìwé, apá ọ̀tún ni wọ́n kọ́ wa láti bẹ̀rẹ̀, kí a kọ ẹyọ sílẹ̀, kí a gbé ẹ̀wá dání. Orí ìwé nìyẹn dára. Lọ́kàn, apá òsì ni ká ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí owó ńlá wà.

7 × 86: 7 × 80 jẹ́ 560, 7 × 6 jẹ́ 42, àpapọ̀ 602.

6 × 347: 1,800, fi 240 kún un, 2,040, fi 42 kún un, 2,082.

Ẹ ṣàkíyèsí pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo ń gbé kiri. Mi ò fi 1,800, 240 àti 42 pamọ́ sọ́kàn kí n tó wá rò wọ́n pọ̀. Bí ọ̀kan bá ti dé ni mo ń rò ó mọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé orí àwọn kò gba ìṣirò, ẹrù mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Àǹfààní kejì ni pé bí ẹnì kan bá tilẹ̀ já yín lẹ́nu láàárín, èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìlọ́po méjì àti ìdajì

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n to àga sí gbọ̀ngàn àríyá ní ìlà 16, àga 35 sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé ìlà náà sí méjì lójú inú, kí ẹ gbé ìlà mẹ́jọ tó wà lẹ́yìn wá sí ẹ̀gbẹ́ mẹ́jọ tó wà níwájú. Ìlà 8 ló kù báyìí, àga 70 sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kò sí àga tó sọnù. Nítorí náà 16 × 35 àti 8 × 70 jẹ́ ọ̀kan náà: 560.

Bí nọ́ńbà kan bá parí sí 5, tí èkejì sì ṣeé pín sí méjì, ẹ ronú kan èyí kí ẹ tó ronú kan ohun mìíràn. 14 × 45 jẹ́ 7 × 90, ìyẹn 630. 24 × 75 jẹ́ 12 × 150, tí ó tún jẹ́ 6 × 300: 1,800. Dánfó tó kó èrò 14 tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san ₦750? 7 × 1,500, ìyẹn 10,500, kí kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó parí ariwo "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín".

Láti inú èyí ni àwọn ọ̀nà kúkúrú wọ̀nyí ti jáde. Tí ẹ bá fẹ́ lọ́nà 5, ẹ mú ìdajì nọ́ńbà náà kí ẹ fi òdo sí i: 68 × 5, ìdajì 68 jẹ́ 34, nítorí náà 340. Tí kò bá ṣeé pín dọ́gba, ẹ fi òdo sí i ná: 73 di 730, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 365. Fún 25, ẹ pín in sí mẹ́rin kí ẹ fi òdo méjì sí i: 36 × 25 jẹ́ 900, 37 × 25 jẹ́ 900 pẹ̀lú 25. Fún 15, ẹ fi òdo sí i, kí ẹ fi ìdajì ohun tó dà kún un: 48 × 15 jẹ́ 480 pẹ̀lú 240, 720. Fún 125, ẹ pín in sí mẹ́jọ kí ẹ fi òdo mẹ́ta sí i: 72 × 125 jẹ́ 9,000. Nínú gbogbo wọn, ti 15 ni mo ń lò jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: 9 àti 11

9 kò ní wàhálà: ọ̀kan dín ní ẹ̀wá ni. 9 × 67 jẹ́ 670 dín 67, 603. 99 × 67 jẹ́ 6,700 dín 67, 6,633.

Fún 11, ẹ ya nọ́ńbà náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ẹ fi àpapọ̀ rẹ̀ sáàárín. 11 × 43: 4, lẹ́yìn náà 4 àti 3 tí í ṣe 7, lẹ́yìn náà 3. 473. Tí àárín bá ju 9 lọ, ẹ gbé ọ̀kan sí iwájú: 11 × 78, àárín jẹ́ 15, nítorí náà 7 di 8, ìdáhùn sì jẹ́ 858. Inú àwọn ọmọdé máa ń dùn sí èyí gan-an. Èmi fúnra mi, ó ṣọ̀wọ́n kí n ra nǹkan 11 lọ́jà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: wá àárín

Èyí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí lóko.

Àgbẹ̀ kan kọ ebè ní ìlà 50, ebè 50 sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan: 2,500. Ó wá pa ìlà méjì tó wà lẹ́yìn rẹ́, ó pàdánù ebè 100. Ìlà 48 ló kù. Kó má bàa pàdánù, ó fi ebè méjì méjì kún ìlà kọ̀ọ̀kan tó kù: 48 lọ́nà 2, ebè 96. Ó pàdánù 100, ó rí 96 gbà. Oko rẹ̀ ti di ìlà 48 tí ebè 52 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi 4 dín sí ti tẹ́lẹ̀: 2,496.

Nítorí náà, bí nọ́ńbà méjì bá jìnnà bákan náà sí àárín, ẹ sọ àárín di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, kí ẹ yọ ọ̀nà jíjìn náà lọ́nà ara rẹ̀ kúrò. 37 × 43: àárín jẹ́ 40, ọ̀nà jíjìn jẹ́ 3. 1,600 dín 9, 1,591. 58 × 62: 3,600 dín 4, 3,596. 95 × 105: 10,000 dín 25, 9,975. Àwọn tó parí sí 4 àti 6 tí a fi sílẹ̀ ńkọ́? 64 × 36: àárín jẹ́ 50, ọ̀nà jíjìn jẹ́ 14. 2,500 dín 196, 2,304. Ó gba kí ẹ mọ̀ pé 14 × 14 jẹ́ 196. Ìdí nìyẹn tó fi dára láti mọ nọ́ńbà lọ́nà ara rẹ̀ títí dé 20, díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀nà yìí ṣeé yí padà sẹ́yìn, ibẹ̀ ló sì ti dùn. Bí ẹ bá ní nọ́ńbà kan tí ẹ fẹ́ sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ tì í sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí ọ̀kan á fi bọ́ sórí òdo. 47 × 47: ẹ fi 3 kún ọ̀kan, 50, ẹ yọ 3 lára èkejì, 44. 44 × 50 jẹ́ 2,200. Ẹ fi 3 × 3 kún un: 2,209. 96 × 96: 100 àti 92, 9,200 pẹ̀lú 16, 9,216. 23 × 23: 20 àti 26, 520 pẹ̀lú 9, 529.

Ibẹ̀ náà ni àṣírí nọ́ńbà tó parí sí 5 wà. Wọ́n máa ń kọ́ni pé 35 × 35, ẹ mú 3, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 4 tó tẹ̀ lé e, 12, kí ẹ so 25 mọ́ ọn nídìí: 1,225. Ẹ ti rí i nísinsìnyí pé 30 × 40 ni, pẹ̀lú 5 × 5. 65 × 65: 6 × 7 jẹ́ 42, nítorí náà 4,225. 85 × 85: 7,225.

Ó tún na ọwọ́ dé ibi tí nọ́ńbà méjèèjì ti ní ẹ̀wá kan náà, tí ẹyọ wọn sì jẹ́ 10 lápapọ̀. 43 àti 47: 3 àti 7 jẹ́ 10. 4 × 5 jẹ́ 20, 3 × 7 jẹ́ 21, ìdáhùn 2,021. 62 × 68: 42 àti 16, 4,216. 71 × 79: 56, lẹ́yìn náà 9, ṣùgbọ́n ibi méjì ni ẹyọ gbọ́dọ̀ gbà, nítorí náà 09 la ó kọ, 5,609. Òdo yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé, tí wọ́n á sì gbé 569 jáde láìbojú wẹ̀yìn.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn aládùúgbò ọgọ́rùn-ún

97 × 96. Ẹ pè wọ́n ní Yorùbá: mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Orúkọ ti sọ ohun tí a nílò: ọ̀kan fi 3 dín, èkejì fi 4 dín. Ẹ yọ ohun tí ọ̀kan fi dín lára èkejì: 97 dín 4 jẹ́ 93. Ẹ sọ àwọn "dín" méjèèjì di púpọ̀: 12. Ẹ so wọ́n pọ̀: 9,312.

98 × 95: 93, 10, 9,310. 88 × 93: 12 dín, 7 dín. 88 dín 7 jẹ́ 81, 12 × 7 jẹ́ 84, 8,184. Bí ìsọdipúpọ̀ àwọn "dín" bá kọjá 99, ẹ ro ó mọ́ ọn, ẹ má kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn: 88 × 87 jẹ́ 7,500 pẹ̀lú 156, ìyẹn 7,656.

Bí wọ́n bá lé ní ọgọ́rùn-ún, ẹ fi kún un: 104 × 107, 111 àti 28, 11,128. Bí ọ̀kan bá lé tí èkejì sì dín, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín, ẹ rántí yọ ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kúrò: 103 × 96, 103 dín 4 jẹ́ 99, ìyẹn 9,900, 3 × 4 jẹ́ 12, 9,900 dín 12 jẹ́ 9,888. Ní àyíká 1,000, ohun kan náà ni, àfi pé ibi mẹ́ta ni ìgbẹ̀yìn máa gbà: 995 × 988, 983 àti 060, 983,060.

Láàárín 11 àti 19, ẹ fi ẹyọ ọ̀kan kún èkejì, ẹ fi òdo sí i, kí ẹ fi ẹyọ lọ́nà ẹyọ kún un. 13 × 17: 20, 200, pẹ̀lú 21, 221. 18 × 17: 25, 250, pẹ̀lú 56, 306.

Ìgbésẹ̀ keje: àgbélébùú

Nígbà tí kò bá sí ọgbọ́n tó bá nọ́ńbà méjì mu, èyí ni ilé àbọ̀sinmi. 34 × 27. Ẹ fojú inú kọ ọ̀kan sí orí èkejì.

Ẹ̀wá lọ́nà ẹ̀wá: 3 × 2 jẹ́ 6, ìyẹn 600.
Àgbélébùú: 3 × 7 jẹ́ 21, 4 × 2 jẹ́ 8, àpapọ̀ 29, ìyẹn 290. A ti dé 890.
Ẹyọ lọ́nà ẹyọ: 4 × 7 jẹ́ 28. 918.

63 × 48: 2,400; àgbélébùú jẹ́ 48 pẹ̀lú 12, 60, ìyẹn 600, a dé 3,000; ẹyọ jẹ́ 24; 3,024. Ó le ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ máa sọ àpapọ̀ síta ní ìparí ìlà kọ̀ọ̀kan, torí etí máa ń ran ọkàn lọ́wọ́ níbí.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé kò ṣìnà

Ẹ kọ́kọ́ wo ìwọ̀n rẹ̀. 34 × 27 kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí 30 × 30, 900. Tí 9,180 bá jáde, òdo kan ti yọ́ wọlé. Ẹ wá wo ẹyọ tó gbẹ̀yìn: 4 × 7 parí sí 8, ìdáhùn náà gbọ́dọ̀ parí sí 8.

Fún ìdáhùn tó bá ṣe pàtàkì, ẹ lo ẹ̀sán. Ẹ ro àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ pọ̀ títí yóò fi ku ẹyọ kan. Bó bá jẹ́ 9, ẹ kà á sí òdo. 47 × 53 jẹ́ 2,491. 4 àti 7 jẹ́ 11, tí ó di 2. 5 àti 3 jẹ́ 8. 2 × 8 jẹ́ 16, tí ó di 7. Ẹ wo ìdáhùn: 2, 4, 9 àti 1 jẹ́ 16, òun náà di 7. Ó bá ara mu. Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ tó máa ń sùn díẹ̀ ni: bí ẹ bá ṣèèṣì kọ 2,941, á ní ó dára, nítorí àwọn nọ́ńbà kan náà ni, ipò wọn ló yí padà. Ìwọ̀n ló máa mú irú olè bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tó rántí ọdún ọlọ́jọ́ 366

Wọ́n kó Thomas Fuller lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Virginia nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 14. Kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Ó sọ pé kíka nǹkan dé mẹ́wàá, lẹ́yìn náà dé ọgọ́rùn-ún, lòun fi bẹ̀rẹ̀, òun sì ka irun ìrù màlúù kan, ó jẹ́ 2,872. Nígbà tó ti darúgbó, àwọn èèyàn wá dán an wò, dókítà Benjamin Rush sì kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀ ní 1788. Wọ́n bi í pé ẹni tó ti lo ọdún 70, ọjọ́ 17 àti wákàtí 12 láyé, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló ti lò? Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ló gbà á: 2,210,500,800. Ẹnì kan tó ń fi bírò ṣe é ní iye náà ti pọ̀ jù. Fuller rán an létí àwọn ọdún tó ní ọjọ́ 366. Ọkùnrin náà fi wọ́n kún un, ó sì rí i pé bàbá náà ló tọ̀nà.

Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀nà tó gbà ṣe é sílẹ̀, àmọ́ a lè fi ohun tó wà lókè yìí tọ̀ ọ́. 7 × 365: 2,100, 2,520, 2,555, nítorí náà ọdún 70 jẹ́ ọjọ́ 25,550. Ọdún ọlọ́jọ́ 366 jẹ́ 17 nínú rẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ 17 náà kún un, kí ẹ tún fi ọjọ́ 17 àti ààbọ̀ kún un: 25,584 àti ààbọ̀. Ọjọ́ kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 86,400. Owó ńlá ṣáájú: 25,000 lọ́nà 86,400. Ẹ lo ọgbọ́n 25: ìdámẹ́rin 86,400 jẹ́ 21,600, nítorí náà 2,160,000,000. Ó ku 584 àti ààbọ̀. 500 jẹ́ 43,200,000. 84 àti ààbọ̀ jẹ́ 7,300,800. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ẹ ó bá Fuller níbẹ̀.

Ìdánrawò

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Ọgbọ́n kan fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ tó mú òmíràn. Nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà níwájú yín nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dára fún un: ẹ mú nọ́ńbà méjì tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, kí ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀. (Ẹni tó bá wà nídìí ọkọ̀, kí ó gbájú mọ́ ọ̀nà.)

Ẹ gbìyànjú àwọn wọ̀nyí, kí ẹ kọ́kọ́ pinnu ọgbọ́n tí ẹ máa lò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: 39 × 6, 18 × 45, 32 × 15, 44 × 25, 11 × 86, 75 × 75, 57 × 63, 81 × 89, 98 × 97, 72 × 36.

Ìdáhùn wọn nìyí, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra: 234, 810, 480, 1,100, 946, 5,625, 3,591, 7,209, 9,506, 2,592. Bí ẹ bá rí 956 níbi 98 × 97, ẹ padà lọ wo ọ̀rọ̀ òdo tí mo sọ níbi 71 × 79. 18 × 45 ní ojú ọ̀nà méjì tó dára: 900 dín 90, tàbí 9 × 90. Ní ti 72 × 36, àgbélébùú lèmi lò. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní pírámárì karùn-ún sọ ọ́ di 70 × 36, ó fi 72 kún un, ó sì ti parí kí n tó dé ìlà kejì.